Phalasarna àtàwọn èbúté Gíríìsì àtijọ́ tí ilẹ̀ ríri sọ di nǹkan míì

Phalasarna jẹ́ ìlú àtijọ́ kan ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Kírétè, ní Gíríìsì. Téèyàn bá débẹ̀ lónìí á rí èbúté lóòótọ́, àmọ́ kò ní rí omi nínú ẹ̀, ìdí ni pé ilẹ̀ ti gbé gbogbo ẹ̀ sókè, òkun sì ti fi nǹkan bí 100 mítà jìnnà sí i.

Wọ́n kọ́ èbúté náà ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú ilẹ̀, wọ́n la ojú omi tóóró kan láti inú òkun wá bá a, wọ́n wá fi odi àti ilé ìṣọ́ yí i ká, tí ọ̀tá ò fi ní rọrùn fún láti wọlé. Àwọn olè orí omi lò ó nígbà tó yá, títí Róòmù fi rán ọ̀gágun Quintus Caecilius Metellus wá sí Kírétè láàárín ọdún 69 sí 67 ṣáájú Kristi, àwọn òkúta ńláńlá tó dí ojú omi yẹn pa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn sójà ẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó jẹ́.

Èyí tó wá parí ẹ̀ pátápátá ni ilẹ̀ ríri 21 July, ọdún 365 lẹ́yìn Kristi. Ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ òkun ń rọra sún wọ abẹ́ ilẹ̀ Gíríìsì, ó máa ń há síbì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tó bá wá já, ilẹ̀ tó wà lókè á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn, ìwọ̀-oòrùn Kírétè gòkè tó mítà 9 láwọn ibì kan, ti Phalasarna tó mítà 6 àtààbọ̀, ẹ fojú inú wo gíga ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan. Omi tó ru sókè gbá dé Alexandria ní Íjíbítì, òpìtàn Ammianus Marcellinus kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkun kọ́kọ́ sá sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń fọwọ́ ṣa ẹja, kó tó padà wá gbé ọkọ̀ ka orí òrùlé.

Ẹ̀rí ẹ̀ ṣì wà lára àpáta etíkun níbẹ̀. Òkun Mẹditaréníà kì í fi bẹ́ẹ̀ kún kì í fi bẹ́ẹ̀ fà, torí náà ojú ibì kan ni omi ti ń jẹ àpáta, ìlà tó jẹ sílẹ̀ yẹn ló wá wà lókè gan-an báyìí, pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́ táwọn ẹran omi oníkarawun lu. Thomas Spratt, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i láàárín ọdún 1850 sí 1860 pé ilẹ̀ ló gòkè. Awalẹ̀pìtàn Elpida Hadjidaki bẹ̀rẹ̀ sí í wa ibẹ̀ ní 1986.

Kì í ṣe gbogbo èbúté ló gòkè o. Kọ́ríńtì ní méjì: Lechaion gòkè díẹ̀, àmọ́ Kẹnkirea, níbi tí Bíbélì ti sọ pé Pọ́ọ̀lù fá orí ẹ̀, rì sómi ní tiẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó wa ibẹ̀ láàárín 1960 sí 1969 bá pátákó tí wọ́n fi dígí aláràbarà ya àwòrán sí, ó lé ní 100, nínú ilé kan tí omi ti bò, wọ́n ṣì wà nínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá, wọn ò tíì gbé wọn kọ́ sára ògiri.