Ta ló ní akin kì í sunkún?

Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Bàbá rẹ̀, ọdẹ tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìlódè, nílùú Ifẹ̀, mọ̀ bí ẹní mowó, ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò dìde mọ́. Kó tó di ọ̀sán, àga oníke ti kún iwájú ilé wọn. Ọmọ yìí ló ń tò wọ́n. Á tò wọ́n tán, á kà wọ́n, á tú wọn ká, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo sọ ohun tí bí àgbà mẹ́wàá ti sọ fún un ṣáájú mi: "Ọkùnrin ni ẹ́ o. Ìwọ ni bàbá ilé báyìí. Má sunkún rárá, kí ọkàn ìyá ẹ má baà dàrú." Ó ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá." Ó padà sídìí àga rẹ̀.

Mo rò pé mo ti ṣe dáadáa ni, àfi ìgbà tí àwọn ọdẹ dé láti wá ṣe ìsípà, ètùtù ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú, fún ẹnì kejì wọn. Bàbá kan wà láàárín wọn tó ti lé ní 70 ọdún, ṣakabùlà léjìká. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ìrèmọ̀jé. Ó kọ́kọ́ ń lọ geere, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tó ti máa dárúkọ olóògbé, ohùn rẹ̀ já. Omijé gba ojú ilà rẹ̀ bọ́ sínú irùngbọ̀n. Kò nù ún. Kò sì dákẹ́. Ó fa imú, ó ń bá oríkì lọ, àwọn yòókù ń gbè é. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọkùnrin ni. Ọmọ náà bu omi wá fún un nínú kọ́ọ̀pù, ó dúró tì í, ó ń wò ó títí tó fi mu omi náà tán. Nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó rọra bi mí pé: "Bọ̀dá, ṣé bàbá yẹn kì í ṣe ọkùnrin ni?"

Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ jẹ́ ká wo ìrèmọ̀jé fúnra rẹ̀. Ìjálá ni ọdẹ fi ń ṣeré, òun náà ni wọ́n ń sun níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó. Ìrèmọ̀jé yàtọ̀: ikú ọdẹ ló ń mú un jáde. Àwọn tó ń dá wọ igbó lóru, tí ń dojú kọ ohun tí ẹlòmíràn ń sá fún, àwọn gan-an ni wọ́n ya ohùn kan sọ́tọ̀ fún ọ̀fọ̀. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ni pé akin kì í sunkún, ta ni wọ́n wá ṣe ohùn yẹn fún? Ọ̀rọ̀ "ọkùnrin kì í sunkún" tí à ń pè ní àṣà ò bá ohun tí àwọn akin ilẹ̀ wa ń ṣe mu rárá.

Ká tó kúrò ní Ifẹ̀, Mọremí ńkọ́? Gbogbo wa la mọ apá àkọ́kọ́ ìtàn rẹ̀: bí àwọn Ìgbò ṣe ń fi ìko bora wá kó ìlú lẹ́rú (kì í ṣe àwọn Ìbò ìlà-oòrùn o, àṣìmú yẹn náà tó àlàyé mìíràn), bó ṣe jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, tó di ìyàwó ọba wọn, tó wádìí àṣírí wọn, tó sá padà wá sọ fún ará ilé pé ògùṣọ̀ ni ká fi pàdé wọn. Apá yìí ni wọ́n mọ sí ère. Èyí tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì ṣí ní 2016 ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, ògùṣọ̀ ló nà sókè lọ́wọ́.

Apá kejì ni ẹnu wa kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Odò Ẹ̀sìnmìrìn béèrè ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, ni odò gbà. Obìnrin tó wọ ilẹ̀ ọ̀tá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ̀n dé etí odò yẹn, ó bú sẹ́kún. Àwọn ará Ifẹ̀ ò sì sọ fún un pé, "Ìwọ Mọremí, akíkanjú bíi tìẹ?" Ohun tí ìtàn wí ni pé wọ́n bá a sunkún, wọ́n ní àwọn ni yóò máa jẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ayé. Lọ́dọọdún tí a bá ń ṣe Ẹdì, ìgboyà rẹ̀ àti àdánù rẹ̀ la jọ ń rántí.

Ìgbàgbọ́ òdì yìí ní ojú kejì tó burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹ lọ wo opó. Tí ọkọ bá kú, ojú gbogbo mọ̀lẹ́bí á wà lára ìyàwó, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bóyá ó ké tó. Tí kò bá ké, tí kò yílẹ̀, àwọn kan á ti máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó mọ nǹkan kan nípa ikú ọkùnrin náà. À ń ka omijé ọkùnrin kó má baà pọ̀, à ń ka ti obìnrin kó má baà kéré. Òṣùwọ̀n kan náà la fi ń wọn àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ omijé kì í ṣe òṣùwọ̀n ohunkóhun. Ẹlòmíràn wà tí omi ò ní jáde lójú rẹ̀ níbi ìsìnkú, tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tó bá rí bàtà olóògbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni ẹkún á gbọ̀n ọ́n. Ẹlòmíràn ò ní sunkún láéláé, kò sì túmọ̀ sí pé kò fẹ́ràn ẹni tó lọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ọ̀fọ̀ ti kọ̀wé lórí èyí. Ní 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ṣàlàyé pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dúró sójú kan. Á lọ sọ́dọ̀ ìbànújẹ́ rẹ̀, á sunkún, á wo fọ́tò. Á tún padà sídìí iṣẹ́, á lọ sọ́jà, á san owó ilé ìwé ọmọ, á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àlọ àti àbọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó lè gbé ẹrù náà. Tẹ́nì kan bá wà ní Ifẹ̀ tó kà á, á ní, "Ṣé ìyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" Ṣebí àwọn bàbá wa ló ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn ò sọ pé ká nu omijé ká tó ríran.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn tó pàdánù ọmọ kékeré. A ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣìpẹ̀ fún wọn: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìyá bọ́ lọ́wọ́ ikú ìrọbí, a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ pé agbè wà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù mẹ́fà, tí ìyá náà bá la ẹnu pé òun ń rántí ọmọ òun, tá a tún dá a lóhùn pé agbè ò fọ́, a ò ṣìpẹ̀ mọ́ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ la ń pa dé. Omi tó dànù yẹn ní orúkọ. Ìyá mọ bó ṣe ń sín.

Àwọn kan gbà pé tí a bá dárúkọ olóògbé, egbò ló ń tú. Wọ́n á ká fọ́tò kúrò lára ògiri, wọ́n á kó aṣọ fún ẹlòmíràn kí ogójì tó pé, àwọn ọmọ á mọ̀ pé orúkọ bàbá ti di èèwọ̀ nínú ilé. Ilẹ̀ Yorùbá kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Bàbátúndé àti Yétúndé, tí à ń ki òkú láàárọ̀ lára ọmọ rẹ̀ tó bá wá kúnlẹ̀! Ẹ tún wo orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún. Ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é jẹun, ìtàn ilé wọn ni wọ́n ń sọ: ẹkún wà nínú ilé yìí rí, ìwọ lo wá rẹ̀ wá.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 10 oṣù Keje 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ inú ọgbà lóru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Àwọn tó wà nílé ìwé báyìí, púpọ̀ nínú wọn ni a ò tíì bí nígbà náà, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí ọjọ́ yẹn di ìgbàgbé, wọ́n ṣì ń dárúkọ àwọn tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kíkà ló kù. "Ogójì ti pé, ó yẹ kó ti kúrò lára ẹ." Ogójì wà fún àdúrà àti fún àwọn àlejò, kò sí ọkàn tó ń ka kàlẹ́ńdà. Àmọ́ ibì kan wà tó yẹ ká ti fura. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, wọ́n kọ ọ̀fọ̀ tó kọ̀ tí kò lọ sínú rẹ̀: tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, tó ju bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ láwùjọ ẹni náà lọ, tí àárò náà sì gbá a mú débi pé kò lè ṣiṣẹ́, kò lè tọ́jú ara rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò dókítà, kì í ṣe ẹni tó máa sọ fún un pé kó ṣe ọkàn akin. Ẹni tó bá sì ń sọ pé òun náà fẹ́ kú, ẹ má ka oṣù kankan fún un, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ilé ìwòsàn yunifásítì ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Kò túmọ̀ sí pé orí onítọ̀hún dàrú.

Àwa tí a kàn wá kí wọn ńkọ́? "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" tó. Kéèyàn wá jókòó, kó dárúkọ olóògbé, kó sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀.

Mo jẹ ọmọ náà ní èsì, mo mọ̀. Tọ́ọ̀ṣì orí tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣọdẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré. Ó ti gbé e wá fún àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e fún wọn, mo kàn fi sínú dúrọ́ọ̀. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Nígbà tó rí i, ó gbà á, ó fi imú kan okùn rẹ̀, ló bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì jókòó tì í. Àwọn oníbàárà ń kanlẹ̀kùn, mi ò dá wọn lóhùn. Nígbà tó ṣe, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi fi bátìrì sí i." Mo bi í pé ṣé òun náà fẹ́ ṣọdẹ ni. Ó ní rárá o, òun kàn fẹ́ kó máa tàn ni.