"Wọn ò lu òǹtẹ̀ sí i": ọ̀rọ̀ lórí sítáǹbù tó ti gbé lẹ́tà délé

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan wà lórí tábìlì kíṣìnì, àpòòwé bíi mẹ́fà wà nínú rẹ̀, wọ́n ti rọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi èékánná ṣí sítáǹbù kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí tísù.

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Màá fi wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni. Ìwọ náà wò ó dáadáa. Ṣé o rí òǹtẹ̀ kankan lára ẹ̀? Wọn ò lù ú. Wọn ò tíì lò ó nìyẹn."

Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olè. Ọ̀pọ̀ wọn, bí o bá fi pọ́ọ̀sì rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta, kọ́bọ̀ kan ò ní dín níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé òǹtẹ̀, àmì tàdáwà tí pósọ́fíìsì ń lù sára sítáǹbù láti fi hàn pé wọ́n ti lò ó, ló ń pa á. Tí òǹtẹ̀ ò bá bà á, ó ṣì wà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sóde àríyá. Wọ́n fún ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ kan. Àwọn tó ń pín oúnjẹ gbé àmàlà wá, ariwo gáńgan pọ̀, wọ́n gbàgbé láti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ. O jẹun yó, o mumi sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà lápò, kò tilẹ̀ rún. Bí o bá tún na tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sí ẹlòmíì tó ń pín oúnjẹ, abọ́ ta ni o ń gbà? Bí sítáǹbù ṣe rí gan-an nìyẹn. Owó ọkọ̀ lẹ́tà ni. Ìgbà tí lẹ́tà bá ti dé ibi tó ń lọ, owó yẹn ti tán. Ẹlẹ́rìí lásán ni òǹtẹ̀, ẹlẹ́rìí sì lè má yọjú.

Ti ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ tún burú díẹ̀ ju ti àmàlà lọ. Lẹ́tà tí àwọn ẹlòmíì kọ sí wọn ni wọ́n ń ṣí sítáǹbù lára rẹ̀. Àwọn kọ́ ni wọ́n san owó rẹ̀ rárá.

Kí ló wá dé tí òǹtẹ̀ kì í fi í bà á nígbà míì? Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ náà lónìí. Èròjà phosphor máa ń wà lára sítáǹbù Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń tàn lábẹ́ iná àkànṣe. Southampton ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1959. Ẹ̀rọ á wá ibi tó ń tàn, á yí lẹ́tà kó kọjú sí ibì kan náà, á sì lu òǹtẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà tó bá nípọn jù ò lè gba inú ẹ̀rọ kọjá. Bí wọ́n bá lẹ sítáǹbù síbi tí kò yẹ, òǹtẹ̀ lè fò ó. Tàdáwà náà máa ń gbẹ. Kò sí ẹni tó jókòó pinnu pé kí sítáǹbù tìẹ má kú.

Ní ti òfin, nílẹ̀ England, Wales àti Northern Ireland, abala 11 nínú Fraud Act (òfin jìbìtì) ọdún 2006 dá lórí ẹni tó bá fi àìṣòótọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó mọ̀ pé owó ló yẹ kí òun san, tí kò sì ní i lọ́kàn láti san án. Kò sí tàdáwà nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá.

Amẹ́ríkà ló dùn mọ́ àwọn alárìíyànjiyàn nínú. Abala 1720 nínú ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kejìdínlógún sọ pé ẹni tó bá fi sítáǹbù tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ pa sanwó lẹ́tà, tàbí tó fọ òǹtẹ̀ náà kúrò kó lè tún un lò, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ pósọ́fíìsì, ó lè tó ọdún 3. Èèyàn wa á ní: "Ṣé o rí i? Èyí tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ pa ni wọ́n wí. Tèmi ò ní." Kò burú. Àmọ́ ìwé ìlànà pósọ́fíìsì wọn fúnra rẹ̀ ní ìjìyà owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tó bá tún sítáǹbù lò pẹ̀lú èrò láti mú ìjọba tàbí pósọ́fíìsì pàdánù owó. Èrò ọkàn ni wọ́n ń wò. Abala 1720 yẹn náà sì tún já ìgbàgbọ́ yìí láti ẹ̀yìn: ó ní sítáǹbù tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ pa kò ṣeé fi sanwó, ì báà jẹ́ pé kò gbé lẹ́tà kankan rí. Nítorí náà, òǹtẹ̀ lè wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò, kó má sì sí lára èyí tó ti gbé lẹ́tà láti New York dé California.

Ìjà yìí ti pẹ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé Penny Black, sítáǹbù àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, jáde ní oṣù Karùn-ún 1840, dúdú ni sítáǹbù náà, tàdáwà pupa ni wọ́n sì fi ń lu òǹtẹ̀ oní-àgbélébùú lé e. Pupa yẹn ṣeé fọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 1841, wọ́n ti yí i padà: sítáǹbù wá di pupa, òǹtẹ̀ di dúdú. Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tiẹ̀. Láti 1867, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí Charles Steel gbé kalẹ̀ tẹ ojú kéékèèké sára sítáǹbù, kí ìwé rẹ̀ lè já díẹ̀díẹ̀, kí tàdáwà lè wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. (Méjì péré la mọ̀ pó kù nínú irú sítáǹbù bẹ́ẹ̀, oní-sẹ́ǹtì kan, tí wọ́n ń pè ní Z Grill. Wọ́n ta ọ̀kan ní 2024, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lára!)

Ká padà sí kíṣìnì. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn sítáǹbù tó wà lórí tísù. Orí Ọba Charles ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti fẹ́ já, níbi tí wọ́n gé bí ìlàjì òrùka sí. Láti 2009 ni Royal Mail, iléeṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi irú ojú gígé bẹ́ẹ̀ sára àwọn sítáǹbù ojoojúmọ́ wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣí i lè fà á ya. Mo wá nawọ́ sí àmì onígun mẹ́rin tó wà lápá ọ̀tún.

"Ẹ̀gbọ́n, barcode nìyí. Láti 2022 ni wọ́n ti ń fi í síbẹ̀, méjì ò sì jọra. Bí ẹ̀rọ bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà sí ni wọ́n lè ní kó wá sanwó kó tó gbà á."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí ni mo wá ń fọ̀ wọ́n fún?"

Fífọ̀ ò burú, mo sọ fún wọn. Àwọn tó ń kó sítáǹbù jọ máa ń rẹ ẹ́ sómi bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń gba èyí tí wọ́n ti lò, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń kó o jọ yẹn. Lílẹ̀ ẹ́ padà mọ́ lẹ́tà ló di ọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tó ń ra irú rẹ̀ ní kílò-kílò, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á tún un tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi tuntun. Bí wọ́n bá ń ta sítáǹbù fún yín ní ìdajì owó tí pósọ́fíìsì ń tà á, ẹ béèrè ibi tó ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi fa dúrọ́ọ̀ yọ, wọ́n mú àpòòwé kan jáde. Sítáǹbù wà lórí rẹ̀, wọ́n ti kọ àdírẹ́sì sí i, àmọ́ wọn ò gbé e lọ sí àpótí lẹ́tà rí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ti kó kúrò ní Leeds.

"Èyí ńkọ́? Ṣé òun náà ti kú?"

"Èyí kò tíì gbé nǹkan kan. Owó yín ṣì pé lórí ẹ̀. Ẹ má tiẹ̀ ṣí i. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun sórí bébà, kẹ́ ẹ fi lẹ bo ti tẹ́lẹ̀."

Wọ́n wá bírò lọ.