Ẹyinjú funfun kò fi hàn pé ẹ̀dọ̀ kò ní àrùn

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ẹnìkan yóò dúró níwájú dígí, yóò fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, bí ó bá sì ti rí i pé ẹyinjú òun funfun, yóò ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀dọ̀ òun.

N kò jiyàn pé ibà apọ́njúpọ́ntọ̀ jẹ́ àmì ńlá. Ẹni tí funfun ojú rẹ̀ bá di àwọ̀ ìyeyè, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ṣú, kí ó wá dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ojú láró ni bílírúbìn, èyí tí ó ń jáde nígbà tí ara bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó, lẹ́yìn nǹkan bí 120 ọjọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o dà sínú omi òróǹro. Apá kan ẹ̀dọ̀ lè ti bàjẹ́ kí apá tó kù ṣì máa kó o dànù, ojú yóò sì funfun. Bákan náà, ojú ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde lè di àwọ̀ ìyeyè nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń tètè fọ́, láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ṣàìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àyẹ̀wò iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. ALT àti AST, èròjà méjì kan tí ẹ̀dọ̀ ń lò, ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ wò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò wọn iṣẹ́ kankan. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fara gbọgbẹ́, wọn a jò sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìkòkò bá ń jò, a mọ̀ pé ó ti là, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ iye omi tó kù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀dọ̀ tí àpá ti gbà kan fi lè mú èsì ALT tó dára wá, tí ẹni tó sì ṣe eré ìdárayá tó le lánàá fi lè ní AST tó ga, nítorí AST wà nínú iṣan pẹ̀lú. Àlúbúmìn, ìyẹn purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì ló sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ jù, nítorí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àlúbúmìn àti púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Síbẹ̀, àlúbúmìn a máa pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tó nǹkan bí 20 ọjọ́ kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, nítorí náà kì í tètè sọ ti ọgbẹ́ àná.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ funfun ló ní àrùn. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn má ní. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé 254 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B), àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò kan ń fà, lọ́dún 2022, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀, nítorí kò dùn wọ́n, kò sì hàn lójú wọn. Àyẹ̀wò kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ.

Parasítámọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá gbé e mì ju ìwọ̀n lọ lè má rí ju èébì díẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ojú rẹ̀ yóò sì mọ́ kedere, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń kú lọ. Oògùn tí ń ṣẹ́gun oró náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí 8 lẹ́yìn tó gbé e mì. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ó sì mú páálí oògùn náà dání.