Ìlú kan, káńsù mẹ́ta: ta ló ni àṣẹ lórí ilẹ̀, gáréèjì àti owó oṣù ní Ìlọrin?

Alága káńsù Ìlọrin dà?

Kò sí. Mẹ́ta ni wọ́n: ti Ìlọrin West, ti South àti ti East. Fúfù ni olú-iléeṣẹ́ káńsù South wà, ti East wà ní Òkè-Ọyì. Alága kan ṣoṣo kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ìlú, ìdí sì nìyẹn tí ohun tó bá kan Ìlọrin lódindi fi máa ń já sọ́wọ́ gómìnà.

Kí wá ni iṣẹ́ káńsù?

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kà á sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtí, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ara ilé. Ọgbà ìgbafẹ́ náà wà níbẹ̀, àmọ́ òfin fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti dá sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fáwọn awakọ̀ lẹ́nu gáréèjì ńkọ́? Ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Èyí tí ẹgbẹ́ awakọ̀ já, owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó káńsù.

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri ilé bàbá wa. Ṣé káńsù ló fẹ́ wó o?

Bóyá ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó wá fi ilẹ̀ tí kì í ṣe ìgboro sílẹ̀ fún káńsù. Oko tó wà lẹ́yìn Òmù-Àrán, káńsù Ìrẹ́pọ̀dùn lè fún yín níwèé rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ Ọjà-Ọba tàbí Tankẹ́, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ forí lé.

Ẹ béèrè lẹ́tà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù. Ọ̀dà kì í ṣe ìwé. Ó lè jẹ́ pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tàbí pé ó wọ ojú ọ̀nà omi. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ fún àǹfààní ìlú, dandan ni kí wọ́n fún onílẹ̀ níwèé, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, dẹ́rù bà yín. Ẹni tí ilẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin yẹn tó dé, òfin náà kà á sí pé gómìnà ló fún un. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni owó. Wọ́n á ṣírò iye tí wọ́n lè fi kọ́ irú ilé náà lónìí, wọ́n á yọ ti ogbó rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì ṣírò ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kìkì owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn, bí ẹ bá san án rárá. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni òfin yìí ti rorò jù. Bí iye náà kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí gómìnà yàn ni yóò gbọ́ ẹjọ́ yín. Òfin ní kí kóòtù má dá sí i. Tó bá jẹ́ ilé gbígbé, gómìnà lè fi ilé mìíràn rọ́pò owó.

Ilẹ̀ àjùmọ̀ní ńkọ́? Wọ́n lè kó owó fún olórí àdúgbò kó fi ṣe ohun tí yóò ṣe gbogbo yín láǹfààní. Ẹ bá a lọ gbà á o.

Ta ló ń bá àwọn òṣìṣẹ́ káńsù dúnàá-dúrà owó oṣù?

Kì í ṣe alága nìkan. Òfin àpapọ̀ ti oṣù keje ọdún 2024 ní owó oṣù kò gbọ́dọ̀ dín sí ₦70,000, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, sábà máa ń bá jókòó. Àpò àjùmọ̀lò káńsù àti ìpínlẹ̀ ni owó Àbújá ń gbà kọjá láti ọjọ́ yìí, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yọ ti àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 kan náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù kọ̀ọ̀kan máa lọ sọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Tí alága bá tún ní ìpínlẹ̀ ni kò jẹ́ kóun sanwó, ẹ rán an létí ìdájọ́ yìí.