Ajẹ́lẹ̀ tí ọba kò fọkàn tán: bí Sípéènì ṣe ṣàkóso Mẹ́síkò àti Perú

Tí wọ́n bá dárúkọ àwọn ajẹ́lẹ̀ ọba Sípéènì ní Mẹ́síkò àti Perú, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọba kékeré kan: ó jókòó sórí àga aláràn-án, ẹ̀ṣọ́ yí i ká, ohun tó bá sọ labẹ gé. Wọ́n á ní ṣebí òkun ló wà láàárín òun àti ọba, ta ni yóò mú un? Irọ́ ni, ó sì ti pẹ́ jù tí wọ́n ti ń tún un pa. Ajẹ́lẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní virrey lédè Sípéènì, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń ṣọ́ jù lọ láyé ìgbà yẹn. Ọba tó rán an níṣẹ́ kò fọkàn tán an, kò sì díbọ́n pé òun fọkàn tán an. Orí àìfọkàntánni yẹn ni wọ́n gbé gbogbo ètò náà kà.

Ti ọdún àti orúkọ kò ní pẹ́. Antonio de Mendoza ni ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Mẹ́síkò, tí wọ́n ń pè ní Sípéènì Tuntun nígbà náà. Ọdún 1535 ló débẹ̀. Òfin ọdún 1542 ló dá ti Perú sílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n tó fi méjì kún un, ọ̀kan ní Bogotá, èkejì ní Buenos Aires. Irú ajẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Naples àti Sicily náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jìnnà sílé. Ti òdìkejì òkun ni wàhálà wà.

Ọ̀nà ló fa wàhálà náà. Lẹ́tà tó bá kúrò ní Madrid á kọ́kọ́ lọ sí Sevilla, á dúró de ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á lo nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lórí omi kó tó dé Veracruz, kí wọ́n tó wá fi ìbaaka gbé e gòkè lọ sí ìlú Mẹ́síkò. Ti Lima tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní láti fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ Panama kọjá, kó tún wọ ọkọ̀ mìíràn ní òkun kejì. Ìbéèrè tí ajẹ́lẹ̀ bá bi ọba lónìí, ó lè lé ní ọdún kan kí èsì rẹ̀ tó dé. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tó ń béèrè lè ti di ìtàn.

Ẹni tó bá wà ní London tó ń fowó ránṣẹ́ sílé láti kọ́lé mọ ìṣòro yìí dáadáa. Àbúrò ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lónìí sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí. Lọ́la àwọn ọmọ onílẹ̀ ti wá gba owó ìpìlẹ̀. Fọ́tò ń wọlé sórí fóònù, ṣùgbọ́n ògiri inú fọ́tò lè jẹ́ ti ará ilé kejì. Kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá dúró ti bíríkìlà. Ọgbọ́n tó kù ni kó bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ pé kó máa gba ibẹ̀ kọjá, kó wá nọ́ńbà bíríkìlà láìjẹ́ kí àbúrò mọ̀, kó sì ní kí ọ̀rẹ́ kan tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì wọ ibẹ̀ lójijì. Ìyá ìyàwó kò fẹ́ràn àbúrò náà tẹ́lẹ̀, bíríkìlà ń bínú owó iṣẹ́, ọ̀rẹ́ ń wá ohun tí yóò sọ. Kò sí ẹni tó ń sọ gbogbo òótọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n irọ́ wọn kò bára mu, ibi tí irọ́ wọn kò ti bára mu ni òótọ́ ti ń yọjú. Bí àbúrò bá sì mọ̀ pé ojú pọ̀ tó ń wo òun, ó lè má jalè tó bí ì bá ṣe jalè.

Ohun tí àwọn ọba Sípéènì ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní olú ìlú ajẹ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé ẹjọ́ gíga kan wà tó ń jẹ́ Audiencia. Ajẹ́lẹ̀ ni alága rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe amòfin, kò lè dìbò nínú ẹjọ́. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì láṣẹ láti kọ̀wé sí ọba fúnra wọn láìgba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Àpótí owó ọba wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúra, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a ṣí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń kọ̀wé. Ìgbìmọ̀ ìlú ń kọ̀wé. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Perú, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí Sípéènì tó dé, Felipe Guaman Poma de Ayala, kọ lẹ́tà kan sí Ọba Philip Kẹta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ìwé, tó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán sí, láti ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọba níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó fi hàn pé ọba kà á. Ní ilé ìkówèésí kan ní Copenhagen ni wọ́n ti rí i ní 1908. Síbẹ̀, pé ó jókòó kọ gbogbo rẹ̀ fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe gbà gbọ́ pé etí ọba ṣí sílẹ̀.

Òfin tún wọlé tọ ajẹ́lẹ̀ lọ. Owó oṣù rẹ̀ pọ̀: òfin kọ 20,000 ducat, owó Sípéènì ìgbà náà, lọ́dún fún ti Mẹ́síkò, 30,000 fún ti Perú. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣòwò, kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, láti 1575 sì ni Ọba Philip Kejì ti sọ pé ajẹ́lẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ ìlú tí ajẹ́lẹ̀ ń ṣàkóso. Èrò wọn ni pé ẹni tó bá di àna àwọn ará ìlú kò ní ṣe tọba mọ́. Kódà wọ́n ti múra sílẹ̀ de ikú rẹ̀: ìwé alédìdì kan máa ń wà nípamọ́ tí orúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ já èdìdì náà títí ajẹ́lẹ̀ yóò fi kú.

Àwọn tó ń sọ pé ajẹ́lẹ̀ ń ṣe bó ṣe wù ú máa ń mú àṣà kan ṣẹ̀rí. Bí àṣẹ ọba bá dé tí yóò da ìlú rú, ajẹ́lẹ̀ lè gbé ìwé náà, kó fi ẹnu kò ó, kó gbé e lé orí, kó wí pé òun gbọ́ràn ṣùgbọ́n òun kò ní mú un ṣẹ. Wọ́n á ní ẹ ò rí i, wọ́n ń fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Òfin Castile, ọ̀kan lára àwọn ìjọba tó di Sípéènì, ti fàyè gba èyí kí wọ́n tó mọ̀ pé Amẹ́ríkà wà. Wọ́n gbà pé ọba kì í fẹ́ ibi fún ìlú rẹ̀, pé bí àṣẹ rẹ̀ bá máa fa ibi, ìròyìn tí kò pé ló débẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ á dá àṣẹ dúró, á kọ̀wé àlàyé padà, á máa retí èsì. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá tẹ́ ọba lọ́rùn, orí rẹ̀ ni ẹ̀bi wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òfin 1542 fi ìwúlò àṣà yìí hàn. Òfin náà ní ẹ̀tọ́ tí àwọn ajagun Sípéènì tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní encomienda, kò gbọdọ̀ di ogún fún ọmọ wọn mọ́. Blasco Núñez Vela, ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ní Perú, dé ní 1544, ó sì ní ohun tí ọba bá kọ ni òun yóò ṣe, kò sí àbùlà. Àwọn ajagun dìde sí i, Gonzalo Pizarro ṣáájú wọn. Àwọn adájọ́ Audiencia tirẹ̀ gan-an ló mú un dè. Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó kó ogun jọ, wọ́n sì pa á lójú ogun nítòsí Quito ní January 1546. Ní ọdún 1544 yìí kan náà ni Francisco Tello de Sandoval, tí ọba rán, dé Mẹ́síkò pẹ̀lú òfin kan náà. Òun àti Mendoza wo ojú ìlú, wọ́n dá òfin náà dúró, àwọn ará ìlú rán aṣojú lọ bá ọba, nígbà tó fi máa di 1545 ọba ti fagi lé apá tó kan ogún. Mendoza ṣàkóso títí di 1550, wọ́n tún fi Perú kún iṣẹ́ rẹ̀, àìsàn ló sì pa á ní Lima ní 1552. Ètò ọlọ́gbọ́n ni, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí òfin náà ì bá tú sílẹ̀ ló san owó ọgbọ́n náà.

Ibi tó gba kéèyàn dúró wò jù lọ ni ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ bá ń kúrò lórí oyè. Kì í kàn dìde kó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ìjíhìn kan wà nílẹ̀ tó ń jẹ́ residencia, ó sì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́jọ́ níbẹ̀ tàbí kó fi aṣojú àti onídùúró sílẹ̀. Adájọ́ tí ọba yàn á rán akéde sí ìgboro: ẹnikẹ́ni tí ajẹ́lẹ̀ yìí tàbí àwọn ará agboolé rẹ̀ bá rẹ́ jẹ, kó wá wí. Òfin sọ ọ́ ní tààrà pé ìkéde náà gbọ́dọ̀ dé etí àwọn ọmọ onílẹ̀, kí àwọn náà lè wá gba ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tó gun ẹṣin wọ̀lú lánàá pẹ̀lú fèrè àti ìlù, tí gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀ fún, òun ni aláta àti alágbàfọ̀ lè wá fẹ̀sùn kàn lónìí.

Ọ̀nà méjì ni ìjíhìn náà gbà. Ti ìkọ̀kọ̀ ló máa ń ṣáájú: adájọ́ á pe ẹlẹ́rìí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n ní ìbéèrè tó ti wà lákọsílẹ̀. Ṣé ó gba ẹ̀bùn? Ṣé ó ṣòwò lábẹ́lẹ̀? Àwọn wo ló fi sípò, ṣé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n? Ọwọ́ wo ló fi mú àwọn ọmọ onílẹ̀? Orúkọ ẹlẹ́rìí kì í hàn sí ajẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti gbangba, tí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn yóò jáde wá, tí ajẹ́lẹ̀ á fèsì. Ó lè fa gígùn débi pé ní 1667 òfin ní ti ajẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Gbogbo ìwé rẹ̀ á wá wọ ọkọ̀ lọ bá Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Madrid, tí wọ́n lè fọwọ́ sí ìdájọ́ tàbí kí wọ́n yí i padà. Owó ìtanràn ni ìyà tó wọ́pọ̀.

Agbára residencia kò sí nínú oṣù mẹ́fà yẹn. Inú gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ló wà, nígbà tí ajẹ́lẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, tó ń pa ẹ̀dà mọ́, tó ń gba ìmọ̀ràn Audiencia lórí ohun tó lè dá ṣe, kó má baà dá ru ẹ̀bi. Àwọn òkìtì ìwé tí àwọn òpìtàn ń tú ní Sevilla títí dòní, ẹ̀rù ìjíhìn ló kọ púpọ̀ nínú wọn.

Àléébù rẹ̀ náà kò kéré. Lọ́pọ̀ ìgbà, ajẹ́lẹ̀ tuntun tàbí adájọ́ Audiencia ni wọ́n ń yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹni tó mọ̀ pé lọ́jọ́ iwájú òun náà yóò jókòó síbi tí ẹni yìí jókòó sí. Owó lè ti kọjá lábẹ́ tábìlì kí akéde tó fọhùn. Marqués de Montesclaros, tó ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Mẹ́síkò kó tó ṣe ti Perú, fi irú ìbẹ̀wò àyẹ̀wò tí ọba máa ń rán wá lójijì wé ìjì àárín ìgboro: kò ju kó gbé eruku àti ìdọ̀tí ilẹ̀ sọ́ sí àwọn ènìyàn lórí. Ẹni tó ti jẹ nínú rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí ajẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ ni residencia ń wá jáde, olè lè gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ajẹ́lẹ̀ tó bá pín nǹkan yí ká kò ní rí ẹni fẹ̀sùn kàn án. Ẹni tó bá tẹ oníṣòwò ńlá lẹ́sẹ̀ ti dáràn. Àwọn oníṣòwò Lima ráhùn lórí Conde de Castellar, ajẹ́lẹ̀ Perú, títí ọba fi yọ ọ́ nípò ní 1678. Ìgbà tí ìwádìí parí ni wọ́n tó dá a láre. Juan Vicente de Güemes, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Conde de Revillagigedo kejì, tún ìlú Mẹ́síkò ṣe nígbà tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1789 sí 1794: ó fi òkúta tẹ́ òpópónà, ó fi àtùpà sí ìgboro, ó kó ìdọ̀tí kúrò. Ìgbìmọ̀ ìlú tí iṣẹ́ náà tánná sí ìwà ọ̀lẹ wọn ló pè é lẹ́jọ́ nígbà tó kúrò. Ó kú ní 1799; ó ti wà nínú ibojì kí wọ́n tó dá a láre.

Ìbéèrè tí residencia ń béèrè kò sì kọjá òfin tó wà nílẹ̀. Francisco de Toledo, tó ṣàkóso Perú láti 1569 sí 1581, ló ṣètò mita, iṣẹ́ tipátipá, ti Potosí, òkè tí fàdákà wà nínú rẹ̀: ọkùnrin kan nínú méje láti àwọn ìgbèríko tí wọ́n yàn, nǹkan bí 13,500 lọ́dún, gbọ́dọ̀ wá wa fàdákà lábẹ́ òkè náà. Wọ́n lè bi ajẹ́lẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e bóyá iye ènìyàn pé, bóyá wọ́n san owó wọn, bóyá ẹnìkan ta àyè wọn fún ẹlòmíràn. Mita fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣẹ ọba, kò sì sí àyè fún un lórí ìwé ìbéèrè. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 1812, tí ìgbìmọ̀ aṣòfin tó jókòó ní Cádiz fagi lé e.