Ohun Tí Ara Mọ̀ Nípa Oúnjẹ, Àti Ohun Tí Kò Mọ̀

Àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ sábà máa ń béèrè bóyá ó tọ́ kí èèyàn máa jẹ ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá ṣáà ti ń fẹ́. Ìdáhùn mi ni pé ara mọ ìgbà tó yẹ ká jẹun àti ìgbà tó yẹ ká ṣíwọ́, ju bó ṣe mọ irú oúnjẹ tó yẹ ká jẹ lọ.

Bí ikùn bá ṣófo, ó máa ń tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní ghrelin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Lẹ́yìn tí a bá jẹun, ìfun náà á ránṣẹ́ pé ó ti tó, ṣùgbọ́n ó lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ọpọlọ tó gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹni tó bá sáré gbé àmàlà mì á ti jẹ àjẹjù kó tó mọ̀ pé òun yó. Ẹ bu oúnjẹ níwọ̀nba, ẹ rọra jẹ ẹ́, kí ẹ sì sinmi díẹ̀ kí ẹ tó bù sí i. (Èmi ò fara mọ́ ọn rárá pé kí a máa fipá mú ọmọ tó ti yó láti jẹ àwo rẹ̀ mọ́.)

Ebi gidi kì í ṣàṣàyàn: bí ẹ̀bà bá wà, yóò jẹ ẹ́, bó bá jẹ́ ẹ̀wà náà ni, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́rìndòdò nìkan ló ń wu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dá tòlótòló.

Ẹ tẹ́tí sí ohun tí inú ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa ni ikùn wọn kì í lè da ṣúgà inú mílíìkì, tí inú wọn á máa kùn tàbí kí wọ́n máa yàgbẹ́ gbuuru bí wọ́n bá mu ún. Kò sí ìdí tí irú wọn fi gbọ́dọ̀ máa fipá mu ún. Wàrà tí a ti fún omi rẹ̀ dànù sábà máa ń bá wọn lára mu jù, nítorí pé púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi lọ.

Ẹfun ló ń kó mi láyà sókè jù. Bí ẹfun bá ń wu olóyún lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ àmì pé èròjà irin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹfun náà kọ́ ló máa fún un ní irin tó ń wá. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ ẹfun tí wọ́n ń tà fún jíjẹ, ó sì lè ti ara ìyá dé ara ọlẹ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní ibi ìtọ́jú aláboyún, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró de ebi. Àkókò tí dókítà fún un ni kó máa tẹ̀ lé. Ní ti ẹni tí ebi àti òùngbẹ kì í fi lọ́rùn sílẹ̀, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, síbẹ̀ tó ń rù, kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, dípò kó máa fi oúnjẹ kún oúnjẹ.