Freaks (fíìmù ọdún 1932)

Freaks jẹ́ fíìmù adẹ́rùbani tí ilé iṣẹ́ Metro-Goldwyn-Mayer (MGM) ṣe ní Amẹ́ríkà, ó jáde lọ́dún 1932, Tod Browning ló sì darí ẹ̀. Inú ìtàn kékeré kan tó ń jẹ́ Spurs, tí Tod Robbins kọ, ni wọ́n ti yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ṣẹ́ kù látinú ìtàn yẹn nínú fíìmù náà ò pọ̀. Ohun tó fa gbogbo awuyewuye tó wà lórí ẹ̀ ni pé wọn ò fi àtíkè àti rọ́bà tún ọ̀pọ̀ àwọn òṣèré ẹ̀ ṣe: àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ara tó yàtọ̀, tí wọ́n ń fi ìran ṣíṣe ní sákọ́ọ̀sì jẹun, làwọn fúnra wọn dúró síwájú kámẹ́rà.

Ìtàn inú ẹ̀

Hans, aràrá kan ní sákọ́ọ̀sì, ní àfẹ́sọ́nà tó ń jẹ́ Frieda, àmọ́ ojú ẹ̀ wọ Cleopatra tó máa ń fò lórí okùn lókè. Obìnrin yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfìgbà tó gbọ́ pé Hans jogún owó ńlá ló gbà kó fẹ́ òun, tí òun àti Hercules àlè ẹ̀ wá ń fún un ní májèlé díẹ̀díẹ̀. Níbi àsè ìgbéyàwó, àwọn ẹlẹgbẹ́ Hans ń gbé ife ọtí ńlá káàkiri, wọ́n ń kọrin pé ìyàwó ti di ọ̀kan lára àwọn, ni inú bá bí Cleopatra, ó sì da ọtí náà lu aràrá tó gbé e wá. Ẹ̀san dé lóru ọjọ́ òjò.

Àwọn òṣèré

Ibí yìí ni fíìmù náà ti níye lórí jù. Prince Randian, ọmọ Guyana, ò lápá ò lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ ẹnu nìkan ló fi ṣá ìṣáná tó sì tan sìgá, kámẹ́rà ò sì yẹjú títí ó fi parí. Johnny Eck láti Baltimore, tí ara ẹ̀ parí síbi ìbàdí, ń fọwọ́ rìn geerege bí ẹni tó lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní ìbejì kan, Robert, tí ara tiẹ̀ pé. Daisy àti Violet Hilton, ìbejì tí ara wọn lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n bí ní Brighton lọ́dún 1908, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní kóòtù lọ́dún 1931 lọ́wọ́ àwọn mánéjà tó ń gba owó iṣẹ́ wọn ni. Harry Earles tó ṣe Hans àti Daisy Earles tó ṣe Frieda, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, Jámánì ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ní Harry ló fi ìtàn Robbins han Browning.

Browning náà mọ iṣẹ́ ìran ṣíṣe ní sákọ́ọ̀sì dáadáa, torí ó sá kúrò nílé ní Louisville nígbà tó ṣì kéré, ó bá àwọn oníran ṣe ìran níbi tí wọ́n ti ń sin ín láàyè. Àmọ́ nílé iṣẹ́ MGM, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ráhùn pé àwọn ò lè bá àwọn òṣèré yìí jẹun pọ̀, ni wọ́n bá pàgọ́ síta fún ọ̀pọ̀ nínú wọn pé kí wọ́n máa jẹun níbẹ̀.

Ojú tí wọ́n fi wò ó

Lẹ́yìn tí wọ́n fi han àwọn èèyàn kan wò lóṣù kìíní 1932, MGM gé e láti bí 90 ìṣẹ́jú sí 64, wọ́n sì tún pàdánù owó lórí ẹ̀. Obìnrin onírùngbọ̀n tó wà nínú ẹ̀, Olga Roderick, kábàámọ̀ pé òun ṣe é, nígbà tí Eck ń sọ̀rọ̀ Browning dáadáa, nítorí náà ó jọ pé àwọn òṣèré gan-an ò fẹnu kò. Bíi 30 ọdún ni Britain fi fòfin dè é. Ìpàtẹ fíìmù Venice ọdún 1962 ló jẹ́ káwọn èèyàn tún un wò, ọdún yẹn kan náà ni Browning kú. Lọ́dún 1994 Amẹ́ríkà fi í sára àwọn fíìmù tí ìjọba ń tọ́jú, àmọ́ apá tí wọ́n gé kúrò ti sọnù.